Ìdánwò Ọgbọ́n Orí àti Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ẹnu àwọn ènìyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ wa gbogbo, láti Ìbòkun títí dé Òṣogbo, tí àwa rò pé ó tó àkókò kí a yẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ni "olódo". Ọmọ tí ìwé kò tètè yé ni a ń pè bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó ń pè é. Olùkọ́ ń pè é, ìyá tí ó bí i pàápàá a sì máa pè é nígbà tí inú bá bí i. Ní àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni, a sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ayé òde òní, ọ̀rọ̀ náà ti rí alátìlẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní ohun èlò kan tí wọ́n fi ń wọn ọgbọ́n orí ènìyàn, tí a ń pè ní IQ, àti pé ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ti kéré, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bùṣe. Lórí fóònù ni àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ṣe ìdánwò tí ó ń fún wọn ní máàkì láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá; lórí fóònù kan náà ni wọ́n sì ti ń ka àkójọ kan tí ó to àwọn orílẹ̀-èdè ayé ní ẹsẹẹsẹ, tí ó fi Nàìjíríà sí ìsàlẹ̀.

Àwọn olùkọ́ tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò ṣàì bi wá léèrè. Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé a lè wọn ọgbọ́n bí a ti ń wọn gàrí ní ọjà? Ǹjẹ́ a bí máàkì náà mọ́ ènìyàn ni? Bí ọmọ bá gba 90, ṣé 90 nínú 100 ni ó gbà? A ó sa ipá wa láti dáhùn, nítorí pé nínú ọ̀ràn yìí, àìmọ̀ lè ba ayé ọmọlọ́mọ jẹ́.

Ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ìjọba ibẹ̀ ti sọ ẹ̀kọ́ ìwé di dandan fún gbogbo ọmọ, wọ́n sì rí i pé àwọn kan kò lè bá ẹgbẹ́ wọn rìn nínú kíláàsì. Wọ́n fẹ́ mọ àwọn tí ó yẹ kí a ràn lọ́wọ́, wọn kò sì fẹ́ kí ó jẹ́ pé ojú tí olùkọ́ kan fi ń wo ọmọ ni a ó fi dá a lẹ́jọ́. Alfred Binet àti Théodore Simon ni ó ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé ìdánwò wọn jáde ní ọdún 1905. Wọ́n to àwọn ìbéèrè láti orí èyí tí ó rọrùn dé orí èyí tí ó le, nígbà tí ó sì di ọdún 1908, wọ́n pín in gẹ́gẹ́ bí ọjọ́-orí: èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà sábà máa ń lè ṣe, èyí tí ọmọ ọdún méje ń lè ṣe, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

A fẹ́ kí àwọn olùkọ́ fi ọkàn sí ohun tí ó kàn yìí. Binet kò sọ nígbà kan rí pé máàkì tí òun rí jẹ́ òǹtẹ̀ tí a kò lè pa rẹ́. Inú bí i sí àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé bí a bá kọ́ ọmọ bí a ti ń fi etí sílẹ̀, bí a ti ń rántí nǹkan, àti bí a ti ń ro nǹkan jinlẹ̀, làákàyè rẹ̀ yóò máa pọ̀ sí i, ó sì ṣe ètò ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó kú ní ọdún 1911. Àwọn ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbé e gba ibi tí kò pinnu.

William Stern, ará Jámánì, ni ó dá a lábàá ní ọdún 1912 pé kí a fi iye ọdún ọmọ pín iye ọdún tí ìdánwò fi hàn pé ọpọlọ rẹ̀ tó. Ní ọdún 1916, Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà sọ èsì náà di ìlọ́po 100, ó sì pè é ní IQ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ó bá ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò gba 125. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ó bá ṣe iṣẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò gba 80. Àwọn olùkọ́ ìṣirò yóò ti rí i pé ìṣirò yìí kò lè bá àgbàlagbà mu, nítorí kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọpọlọ ẹni ọgọ́ta ọdún gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ìdí nìyẹn tí David Wechsler, ní ọdún 1939, fi gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà rẹ̀ ni a sì ń tọ̀ títí di òní. Wọn a kọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìdánwò náà; wọn a mú ibi tí àárín wọn wà, wọn a pè é ní 100. Wọn a wá sọ ipò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wà láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo 100 ènìyàn, nǹkan bí 68 ni yóò wà láàrin 85 àti 115. Nǹkan bí méjì ni yóò ju 130 lọ, nǹkan bí méjì ni kò sì ní tó 70.

Nítorí náà, ọmọ tí ó gba 90 kò gba 90 nínú 100. Ohun tí máàkì náà ń sọ ni pé bí a bá to 100 ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlà, nǹkan bí 25 ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀. Kóńgò a máa wọn gàrí, nítorí pé gàrí wà níbẹ̀ tí a lè bù, bí kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn ní ọjà. Ìdánwò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni to àwọn ọmọ ní ìlà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ga tó, tí ó sì ń sọ ipò wọn: bí a bá pààrọ̀ àwọn tí ó wà ní ìlà, ipò yóò yí padà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà kò sì kúrú sí i. Láfikún, bí ọmọ kan náà bá tún ìdánwò ṣe, máàkì rẹ̀ lè fi bíi márùn-ún lọ sókè tàbí kí ó wá sílẹ̀, bóyá nítorí pé ebi ń pa á, tàbí pé ẹ̀rù olùdánwò ń bà á.

A kò wí pé ìdánwò náà kò wúlò. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò sọ òótọ́. Bí a bá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣe é, ó lè sọ díẹ̀ nípa bí ọmọ yóò ti ṣe nínú ẹ̀kọ́ ìwé; ṣùgbọ́n nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó lè ṣàlàyé. Ìdá mẹ́ta yòókù ń bẹ lọ́wọ́ ìfaradà, oúnjẹ, ìlera, ìwé kíkà ní ilé, àti irú olùkọ́ tí ọmọ bá pàdé. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ǹjẹ́ a bí i mọ́ ènìyàn? A kò lè jiyàn pé ohun kan ń ti ara òbí wá, bí gíga àti kúkúrú ti ń wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ pé ẹ̀bù iṣu kan náà, bí a bá gbìn ín sí ilẹ̀ ọlọ́ràá àti sí orí àpáta, iṣu méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a ó wà. James Flynn, ọ̀mọ̀wé kan tí ó ṣiṣẹ́ ní New Zealand, fi hàn ní ọdún 1984 pé láàrin ọdún 1932 sí ọdún 1978, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbà nínú ìdánwò yìí ti fi bíi máàkì 14 gòkè. Ẹ̀jẹ̀ ìran kan kò lè yí padà láàrin ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ìgbé ayé wọn ni ó yí padà: ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀, oúnjẹ dára, ayé sì ń béèrè irú ìrònú tí ìdánwò náà ń béèrè. A tún mọ̀ pé ìlú tí iyọ̀ rẹ̀ kò ní áyódíìnì, ọpọlọ àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í lè dàgbà tó bí ó ti yẹ. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pàṣẹ pé kí a máa fi í sínú iyọ̀ tí a ń tà. Òjé náà ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ní ọdún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, òjé inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Bí a ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lónìí, a kò mọ ìdí tí ìjọba kò fi yẹ kí ó máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ agbègbè náà wò. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ohun tí Binet ní lọ́kàn kò ṣàjèjì sí wa. Ní ọdún 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, wá sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó wà lónìí ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, èyí tí Ìbòkun jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, láti máa tọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ní àkókò náà, èéyi, ikọ́ ife àti àìjẹunrekánú ń pa ọmọdé púpọ̀. Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe káàdì kan tí ìyá yóò máa pa mọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Wọn a gbé ọmọ sórí ìwọ̀n lóṣooṣù, wọn a fi àmì sí orí káàdì, wọn a sì wò bóyá ìlà rẹ̀ ń gòkè, tàbí ó dúró sójú kan, tàbí ó ń wálẹ̀. Káàdì náà, tí wọ́n pè ní Ọ̀nà sí Ìlera, ti Ìmẹ̀sí-Ilé dé orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní àgbáyé.

Nọ́ọ̀sì tí ó bá rí i pé ìlà ọmọ kan ń wálẹ̀ kò ní sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Ọmọ rẹ fúyẹ́, bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn, máa gbé e lọ." Yóò bi í ní ohun tí ọmọ ń jẹ, yóò wo etí rẹ̀, yóò wo ọ̀fun rẹ̀, yóò ní kí ó gbé e padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìwọ̀n ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdánwò tí a fi ń mọ ọmọ tí ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ dára bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ìdánwò tí a fi ń pín àwọn ọmọ sí ọlọ́gbọ́n àti òmùgọ̀, tí olùkọ́ sì wá padà lẹ́yìn àwọn tí ó kù sí ìsàlẹ̀, ohun tí ó yẹ kí á kọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tí ó wà nínú ìdánwò náà fúnra rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ní ọdún 1917, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ọmọ ogun wọn wò, iye wọn sì ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ. Fún àwọn tí kò mọ̀wé, wọ́n ya àwòrán, wọ́n sì ní kí wọ́n sọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ pápá tẹníìsì tí kò ní àwọ̀n. Òmíràn jẹ́ ẹ̀rọ giramafóònù tí kò ní ìwo rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé kan ní Ítálì tàbí Rọ́ṣíà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, tí kò rí tẹníìsì rí láyé rẹ̀, ni wọ́n kọ ọ̀dẹ̀ sí lára. Bí ó bá jẹ́ pé Ìbòkun ni wọ́n ti ṣe ìdánwò, tí a ya ọpọ́n ayò tí ojú rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá yóò rí àléébù rẹ̀ kí a tó ka ẹní, èjì. Àwọn ọ̀mọ̀wé Manchester ńkọ́?

Kì í ṣe àwàdà ni a ń ṣe. Robert Serpell dán àwọn ọmọ Zambia àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò, ó sì kọ ohun tí ó rí jáde ní ọdún 1979. Nígbà tí ó ní kí wọ́n fi pẹ́ńsù ya àwòrán kan, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ta àwọn ọmọ Zambia yọ. Nígbà tí ó ní kí wọ́n fi wáyà ṣe irú rẹ̀, àwọn ọmọ Zambia, tí ń fi wáyà ṣe ọkọ̀ ìṣeré, ni ó tayọ. Ní Liberia pẹ̀lú, John Gay àti Michael Cole rí i ní àwọn ọdún 1960 pé bí a bá gbé ìrẹsì kalẹ̀ kí a fojú díwọ̀n iye ife tí ó wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ Kpelle tí kò mọ̀wé ju àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó kàwé lọ. Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ọpọlọ ń mọ̀ dunjú.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò gbọdọ̀ lọ jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Àwọn òṣómàáló tí ó ti ilẹ̀ yìí gbé aṣọ lọ sí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń padà lọ gba owó wọn díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ka ìwé kan. Orí ni wọ́n ń kó gbèsè gbogbo abúlé sí: ẹni tí ó ra, iye tí ó san, iye tí ó kù, ọjọ́ tí ó dá. Wọ́n mọ ẹni tí a ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti ẹni tí a ó fi ọ̀rọ̀ tútù bá sọ̀rọ̀. Owó tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fi rán ọmọ wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ ní ìwé ìdánwò láti Amẹ́ríkà, máàkì wo ni à bá fún un?

Ní ti àkójọ àwọn orílẹ̀-èdè tí a mẹ́nu bà, Richard Lynn àti Tatu Vanhanen ni ó gbé e jáde ní ọdún 2002, wọ́n sì ní àárín gbùngbùn ti Nàìjíríà kò tó 70. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ bí wọ́n ti ṣe é. Ti Equatorial Guinea, àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò pé, tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú kan, ni a gbé ka iwájú, orílẹ̀-èdè Spain ni ilé náà sì wà. Ní ọdún 2010, Jelte Wicherts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands tún gbogbo ìwé tí ó jẹ mọ́ Áfíríkà kà, wọ́n sì rí i pé a ti fo ọ̀pọ̀ èyí tí máàkì rẹ̀ ga. Wọ́n kìlọ̀ pẹ̀lú pé kò tíì hàn gbangba pé ohun kan náà ni ìdánwò náà ń wọ̀n ní Áfíríkà àti ní Yúróòpù. Ẹni tí ó bá ń fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ bú ìran rẹ̀ ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọ̀tá.

Èyí tí ó dùn wá jù lọ ni ti èdè. Kò sí ẹni tí ó lè mọ bí ọmọ ti gbọ́n tó nípa bíbi í ní ìbéèrè tí kò gbọ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀, pẹ̀lú olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí ó kúrò nínú Yorùbá bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí a ṣe ìdánwò, àwọn ọmọ Yorùbá ni ó mókè, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ọmọ kan náà, agbègbè kan náà. Bí a ti kọ́ wọn ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti fún ẹgbẹ́ méjèèjì ní ìdánwò ọgbọ́n orí ní òpin ọdún mẹ́fà náà, ì bá ti wí pé a bí àwọn kan gbọ́n ju àwọn kan lọ ni.

Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Túnjí Àlàúsá, kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ gbogbo wọn, ó sì tọ́ka sí bí àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá. A bọ̀wọ̀ fún ipò Mínísítà, ṣùgbọ́n a kò lè fi ọwọ́ bo ẹnu. Ètò tí a kò fún ní ìwé, tí a kò kọ́ olùkọ́ rẹ̀, tí kò sì tíì pé ọdún mẹ́rin, báwo ni a ṣe lè fi ìkùnà ìdánwò dá a lẹ́bi? Àwọn tí ó jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá lọ́dún náà ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ètò náà tó dé.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ń ka ìwé yìí kò gbọdọ̀ gbàgbé ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ṣí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ láti nǹkan bí 457,000 sí ohun tí ó ju 811,000 lọ láàrin ọdún kan. Àwọn kan wí nígbà náà pé ọmọ gbogbo ènìyàn kò lè mọ̀wé. Bọ́lá Ìgè, ọmọ Ẹ̀sà-Òkè tí kò jìnnà sí Ìbòkun, tún ṣí ti girama sílẹ̀ ní ọdún 1979 nígbà tí ó di gómìnà Ọ̀yọ́, a sì tún gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọmọ tí a ò bá ti sé mọ́lé gẹ́gẹ́ bí olódo ni a ti rí dókítà, adájọ́ àti olùkọ́ àgbà. Ìtàn Obòkun tìkára rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀: àbíkẹ́yìn ni, òun ni ó sì lọ bu omi òkun wá láti fi la ojú bàbá rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti rò pé kò ní padà wá mọ́, tí wọ́n ti pín ogún.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá wá tọrọ ìbò ní Ìbòkun, ní Ẹ̀sà-Òkè tàbí ní Ọ̀tan-Ilé, ẹ bi í ní iye olùkọ́ tí ó kọ́ nípa títọ́jú ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún, tí yóò gbà sí iṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Ẹ bi í ní ohun tí yóò ṣe sí ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá ní kíláàsì. Bí ó bá dáhùn pé òun yóò ra kọ̀ǹpútà, ẹ tún un bi.

Ẹ̀yin olùkọ́, a mọ ìyà tí ń jẹ yín, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó ń kọ́ àádọ́ta ọmọ nínú yàrá kan kò lè fi ìgbà gbogbo ní sùúrù. Síbẹ̀, kí ẹ tó gbà pé ọmọ kan kò ní làákàyè, ẹ gbé e sí ìjókòó iwájú fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí ó lè jẹ́ pé kò rí pátákó ni. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń gbọ́. Ẹ bi í ní ohun tí ó jẹ kí ó tó ti ilé wá. Ẹ tún ìbéèrè náà bi í ní Yorùbá. Bí ìdáhùn bá yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fi í hàn òbí rẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun ní nọ́ọ̀sì, ó sì ní ilé-ìwòsàn kéékèèké. Kò ní ná an ní owó tabua láti rán wọn wá yẹ ojú àti etí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní wò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà tuntun, kí wọ́n sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé. A ó máa retí láti gbọ́ ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀.